Ẹni Tí Yóò Máa Fi "Ìwọ" Bá Ọ Sọ̀rọ̀

Ilé wa, Ọ̀fà.

Rúkáyátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé àti níbi iṣẹ́. "Ẹ̀yin MD wa" ni mo kọ́kọ́ kọ sókè ìwé yìí. Mo wò ó títí, mo fa ìlà sí i, mo sì mú bébà tuntun. Tí o bá kà á dé ìparí, wàá mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Mummy ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Mummy mi, ẹ má bínú, mo wà nínú mítíńgì, màá pè yín padà." Tí mo bá sì fi ohùn ránṣẹ́, àbúrò rẹ ti tú àṣírí rẹ fún mi pé ńṣe lo máa ń jẹ́ kí fóònù sáré sọ ọ́, tí ohùn mi á wá máa dún bíi ti ẹyẹ ẹ̀gà. Lẹ́tà kò ṣeé sáré gbọ́. Mo ń fi í rán Bàbá Wàhábì, awakọ̀ tó ń na Èkó ní gáréèjì wa. Ó ti ṣèlérí pé ọwọ́ rẹ lòun máa fi lé, kì í ṣe ọwọ́ géètìmáànù.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní bọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ yín ti pinnu pé gbogbo ẹni tó bá wà ní ipò gíga níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní mẹ́ńtọ̀, ìyẹn àgbà kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí, tí yóò máa bá onítọ̀hún jókòó lóòrèkóòrè. O ní Ìyáàfin Fálọlá ni wọ́n yàn fún ọ, obìnrin tó ti ṣe MD ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mìíràn kó tó fẹ̀yìn tì. O ní wọ́n ń retí èsì rẹ kí oṣù yìí tó parí, àti pé o ti kọ èsì náà tán: o kò fẹ́. O wá ní, "Mummy, nígbà tí mo ń sáré kiri gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò fún mi lólùkọ́. Ìgbà tí mo wá di ọ̀gá tán ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bi ọ́ pé kí gan-an ni obìnrin náà ṣe fún ọ, nítorí mo mọ ohùn rẹ nígbà tí inú bá ń bí ọ. Ìgbà náà lo tó sọ ọ́. O ní ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fi yín mọ ara yín, níwájú àwọn mánéjà tó ń jíṣẹ́ fún ọ, obìnrin náà bi ọ́ ní ìbéèrè kan, o fèsì, ó wá ní, "Rúkáyátù, o ò tíì dáhùn ohun tí mo bi ọ́." Kò pè ọ́ ní MD. Kò pè ọ́ ní Ìyáàfin. Kò tiẹ̀ ní "ẹ ò tíì dáhùn." "O" ló sọ. O ní o rí mánéjà kan tó dorí kodò kó má baà rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ah, kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún ọ." Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ara lè tù ọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí kì í ṣe ohun tí mo rò gan-an ni mo sọ. Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ kọ báyìí, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á.

Bá mi ronú kan ná. Láti ìgbà tí o ti dé ipò yẹn, ta ló kù tó ń fi "o" bá ọ sọ̀rọ̀? Nígbà tí o wá sílé fún Iléyá, àwọn tó gbé ọ pọ̀n nígbà tí o wà ní kékeré ló ń kí ọ pé "Ẹ káàbọ̀, mà." Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gan-an dìde dúró nígbà tí o wọlé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo fi ìborí mi bo ẹnu kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa mí. Ọ̀wọ̀ dára. Ọ̀wọ̀ la fi tọ́ yín dàgbà. Ṣùgbọ́n mo ti wà ní ipò ọ̀gá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé búrẹ́dì lásán ni tèmi, mo sì mọ ohun tí "ẹ" àti "mà" lè ṣe sí ẹni tí wọ́n bá ń pè bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

O rántí ilé búrẹ́dì wa lẹ́yìn ojú irin. O rántí pé wọ́n máa ń sọ nígboro pé imú Alhaja ló ń po búrẹ́dì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò fi ṣíbí wọn fílébọ̀ tó ń mú búrẹ́dì ta sánsán rí, mi ò sì wọn nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Tí Lámídì, olórí àwọn òṣìṣẹ́ wa, bá ti po ìyẹ̀fun tán, màá bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, màá fa òórùn rẹ̀ símú, màá wá ní kó fi díẹ̀ kún un tàbí kó dáwọ́ dúró. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, búrẹ́dì wa sì ń tà dé Òjòkú àti Ilémọ̀nà.

Ọdún tí o wọ yunifásítì ni mo ra ààrò kejì. Ọdún náà ni ibà kan gbé mi dè, ibà pẹ̀lú ọ̀fìnkìn líle. Nígbà tí mo gbádùn, ara mi le, ṣùgbọ́n imú mi ò gbóòórùn mọ́. Lọ́fínńdà, ẹja yíyan, èéfín, mi ò gbọ́ òórùn ìkankan. Ẹnu mi náà ò mọ̀ ju iyọ̀ àti ṣúgà lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé yóò padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Mo sì tún rò pé tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbọ́ pé imú tí gbogbo ìlú ń sọ ti kú, wọn ò ní kà mí sí mọ́.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lámídì po ìyẹ̀fun, mo bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ bí ìṣe mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó fi fílébọ̀ kún un. Mi ò gbọ́. Mo ní kó tún fi kún un, kó sì ha nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí i. Ó wò mí, ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Mo bi í pé, "Lámídì, báwo ni?"

Ó ní, "Ó ti dáa, mà."

Nígbà tí búrẹ́dì jinná, mo gé e, mo pín in fún gbogbo wọn. Gbogbo wọn jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, "Ó dùn, mà." Bàbá yín náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ ẹ́ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Alhaja." Mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Àwọn obìnrin tó máa ń wá kó búrẹ́dì lọ kiri kò kó tó bí wọ́n ṣe ń kó tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ìlú ló le, Alhaja," tàbí pé àwọn ọmọ pólì ti lọ sí ìsinmi. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo tiẹ̀ ń fura sí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé búrẹ́dì tirẹ̀ ní òdìkejì ìlú, pé bóyá ó ti lọ ṣe nǹkan sí mi. Mo pààrọ̀ ọ̀rá tí a fi ń wé búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n tún ọkọ̀ wa kùn. Gbogbo ohun tí ọ̀gá máa ń ṣe nígbà tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe é ni mo ṣe.

Mo sì ní ẹni tí mo lè lọ bá. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Alhaja Àsánátù, tí gbogbo yín ń pè ní Màmá Ìlọrin, ti se búrẹ́dì títí kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra páànù àlòkù, ó sì ní kí n máa wá jókòó ti òun nígbà tí mo bá ráyè. Mo ń lọ. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, màá padà ní ìrọ̀lẹ́. A kì í ṣe ju ká jókòó sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tí mo wá ní ààrò méjì, mo dáwọ́ dúró. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ lọ bi í. Iṣẹ́ pọ̀, mo ti di Alhaja fúnra mi, àwọn kan ti ń wá bi èmi náà ní ìmọ̀ràn.

Nígbà tó yá mo gbọ́ pé orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo bá lọ kí i. Mo mú búrẹ́dì dání, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò bọ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí àwo, ó wò mí.

"Sìdí, ta ló po èyí?"

Mo ní, "Èmi náà ni, mà."

"Imú rẹ ńkọ́?"

Mo fọwọ́ kan imú mi. Ó ní, "Ìgbà wo lo ṣàìsàn?" Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní irú rẹ̀ ti ṣe òun náà rí lẹ́yìn oyún kan. Ó ní, "Búrẹ́dì yìí ń ta mí lẹ́nu bí ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní ó dùn, mà."

"Àwọn wo?"

Mo dárúkọ wọn. Ó jẹ́ kí n dárúkọ gbogbo wọn tán, títí kan bàbá yín. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Nínú gbogbo àwọn tó o dárúkọ yìí, ta ló lè sọ fún ọ pé kò dùn, kí nǹkan kan má sì ṣe é?" Mo ronú títí. Kò sí. Ó ní, "Ó dáa. Imú rẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́ nígbà náà. Lọ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn." Ó bá yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń bi mí nípa ilé-ìwé rẹ. Kò sọ ohun tí n ó ṣe fún mi. Kì í sábà sọ ọ́. Ńṣe ló máa ń bi mí ní ìbéèrè títí màá fi dé ibẹ̀ fúnra mi, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú nígbà mìíràn.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń padà bọ̀. Kì í ṣe nítorí búrẹ́dì. Mo ń rò ó pé gbogbo èèyàn ló mọ̀, gbogbo Ọ̀fà, àfi èmi nìkan.

Nígbà tí mo délé, mo pe Lámídì, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì. Ó ní, "Alhaja, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi kún un. Mo rò pé ẹ mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe ni. Ta ni èmi tí n ó sọ fún yín pé ó ti pọ̀ jù?" Kò sí ìwọ̀sí kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Bàbá yín ní tirẹ̀ ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, inú rẹ sì ń dùn sí ààrò tuntun. Mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́." Ó nífẹ̀ẹ́ mi ni. Ọ̀kan ń bọ̀wọ̀, ọ̀kan nífẹ̀ẹ́, iṣẹ́ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo wá ṣe kò le. A ra ṣíbí ìwọ̀n. Mo sì ṣe é lófin pé tí a bá gé búrẹ́dì àkọ́kọ́ láàárọ̀, ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀, èmi ni màá sọ tèmi kẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé mi ò ní bínú. Imú mi padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yí òfin náà padà títí mo fi gbé ilé búrẹ́dì náà fún ẹlòmíràn. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin padà.

Àbẹ̀kẹ́ mi, gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu mi.

Èkíní, o bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí o di ọ̀gá ni wọ́n fẹ́ fún ọ ní olùkọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ. Nígbà tí o jẹ́ ọmọ iṣẹ́, tí o bá ṣe àṣìṣe láàárọ̀, ọ̀gá rẹ yóò ti bá ọ wí kó tó di ọ̀sán. Ta ni yóò bá ọ wí báyìí? Ọjà ni yóò sọ fún ọ, ọjà kì í sì í tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá fi máa sọ̀rọ̀, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdánù iṣẹ́ wọn.

Èkejì, má ṣe rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà ló lè ṣe é. Ọkọ rẹ kò lè ṣe é, bó ti wù kó gbọ́n tó, ilé kan náà lẹ jọ ń sùn. Alága bọ́ọ̀dù kò lè ṣe é, torí ó lágbára láti dá ọ dúró, o ò sì ní sọ ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀ fún un. Ẹni tó ń wo àga rẹ kò lè ṣe é. Ẹni tó ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí, tó ti dìde kúrò níbẹ̀, tí kò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, òun ni kí o wá. Bí o bá gbọ́ ohun tí mo kọ yìí dáadáa, wàá rí i pé Ìyáàfin Fálọlá ni mo ń ṣàpèjúwe, mi ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ní ti "o" tó sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, mi ò ní kó o gbé e mì bẹ́ẹ̀. Kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń tún ṣe ni. Lọ sílé rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, kí o sì sọ pé, "Mà, nínú ilé yìí, ẹ pè mí bó bá ṣe wù yín. Níwájú àwọn tó ń jíṣẹ́ fún mi, ẹ bá mi pa iyì mi mọ́." Tó bá jẹ́ ẹni tí mo rò pé ó jẹ́, yóò gbà. Nígbà tí Màmá Ìlọrin wá sílé búrẹ́dì wa, "Alhaja, ẹ kú iṣẹ́" ló ń sọ fún mi níwájú Lámídì àti àwọn yòókù. A ti ilẹ̀kùn tán báyìí, ó ní, "Sìdí, jókòó. Kí ló dé tí ilẹ̀ ibí fi dọ̀tí?"

Fúnra rẹ ni kí o máa lọ. Má ṣe rán dírẹ́bà pẹ̀lú ẹ̀bùn, kí o wá rò pé o ti lọ. Má ṣe ní kó wá bá ọ ní ọ́fíìsì, torí tí o bá ti wà lẹ́yìn tábìlì ńlá yẹn, ìwọ ni ọ̀gá. Fi fóònù méjèèjì sílẹ̀ fún dírẹ́bà. Má sì kó ìròyìn gígùn lọ bá a bíi pé ìdánwò lo fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o mú lọ. Tí o bá ń ronú pé èwo ni, èyí tí o ò fẹ́ kó mọ̀ ni.

Nígbà mìíràn, obìnrin náà kò ní rí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó rí i. Màmá Ìlọrin ní kí n má ra ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ó ní ọwọ́ ló mọ ìyẹ̀fun. Mo rà á, ó sì dára. Mo lọ sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi ni mo ṣì í nígbà yẹn." Ìwọ lo ń darí ilé-iṣẹ́, ìwọ lo ni àṣìṣe ibẹ̀ náà. Má ṣe jẹ́ kí n gbọ́ pé o dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ, tí o ń sọ pé Ìyáàfin Fálọlá ló ní kí a ṣe é báyìí. Ìbéèrè ni kí o máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn, ọwọ́ rẹ ló wà.

Má sì dúró di ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí o tó lọ. Ìgbà tí ó dára fún mi ni mo dáwọ́ dúró, ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò rẹ̀ jù. Màmá Ìlọrin sọ fún mi kó tó kú pé àwọn ọjọ́ tí mo ń wá yẹn ni kò jẹ́ kí òun gbàgbé ara òun. Nítorí náà má rò pé ìwọ nìkan ni wọ́n ń ṣe lóore. Tó bá yá, ìwọ náà á ní ẹni tí yóò máa wá jókòó tì ọ́.

Mo ti fẹ́ pa bíírò dé o, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ń sá fún un láti òkè ìwé.

Ẹ fi páálí bísíkíìtì alágbọn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn Iléyá. Wò ó, mo tún ti kọ "ẹ." O fi ránṣẹ́ sí mi. O ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí MD ni, àti pé ẹ̀rọ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè láìpẹ́. O pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, o ní, "Mummy, báwo ni bísíkíìtì mi?" Mo ní, "Ó dùn gan-an ni, MD. Ẹ kú iṣẹ́."

Kò dùn, Àbẹ̀kẹ́.

Imú mi ti padà tipẹ́, kì í ṣe imú mi. Àgbọn inú rẹ̀ ló ní ìtọ́wò òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó sì máa ń kù sẹ́yìn ọ̀fun lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé e mì. Mo fún Ìyá Mùnírà, aládùúgbò wa, ní díẹ̀, bóyá èmi ni mi ò mọ ọ́n jẹ. Ó ní, "Ó dùn o, Alhaja, ẹ bá wa kí MD." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí bísíkíìtì náà nílẹ̀ níwájú ewúrẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ náà jẹ díẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé MD ni ọ́.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́. Ohun tí bàbá yín sọ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo tún bẹ̀rù rẹ díẹ̀. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Èmi tí mo bí ọ, tí mo pọ̀n ọ́ nídìí ààrò, mo fi "ẹ kú iṣẹ́" bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ fún ọ. Tí èmi bá lè ṣe é, ta ló kù nínú ilé-iṣẹ́ yẹn tí yóò sọ ọ́ fún ọ kí ẹ̀rọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ọ̀kan wà. O ti kọ ọ́ nínú ìwé pé o ò fẹ́ ẹ.

Fa ìwé náà ya. Mú bísíkíìtì náà dání, lọ gbé e síwájú obìnrin yẹn, kí o má ṣe sọ pé iṣẹ́ rẹ ni. Máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá bù ú jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó pè mí, ìgbàkigbà tó bá jẹ́. Kí o bi mí bí o ṣe bi mí lọ́jọ́ náà. Mi ò ní pè ọ́ ní MD. Màá sọ fún ọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì ṣe é dáadáa. Lọ tún un ṣe."

Èmi ni,
ìyá rẹ,
Sìdíkátù.